Láti Ọwọ́ Dé Ọwọ́: Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Fi Ń Sọ̀rọ̀ Ìtẹ̀síwájú, àti Ibi Tí Ifá Dúró Sí Láàrin Wọn

    

Ní ọ̀pọ̀ ìgbà tí àwọn awo àti àwọn olùwádìí bá jọ jókòó, ọ̀rọ̀ kan wà tí í máa dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàrin wọn. Awo á ní, "Ifá kò yí padà láti ìwáṣẹ̀." Olùwádìí á ní, "Ẹ̀yin bàbá, ogun ti tú ìlú, wọ́n ti kó ọmọ wa lẹ́rú kọjá òkun, ọ̀pọ̀ ìdílé ti gba ẹ̀sìn mìíràn. Báwo ni nǹkan kan á ṣe wà láìyí padà nínú gbogbo èyí?" Ibẹ̀ ni ohùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga. Awo á rò pé wọ́n fẹ́ bú Ifá ni; olùwádìí á rò pé awo kò fẹ́ gbọ́ òótọ́.

Ní tiwa, a ò rò pé ẹnikẹ́ni nínú wọn ń purọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, tí wọ́n sì rò pé ohun kan náà ni. Òyìnbó ní ọ̀rọ̀ kan, "continuity", tí í máa gbé kiri: ó gbé e dé kóòtù, ó gbé e dé ilé ìwé, ó gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń ya sinimá. Nígbà tí a bá gba ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí wọ inú ìtàn tiwa, a máa ń gbàgbé pé èdè Yorùbá kò fi ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ ọ́. Agbọ̀n ọ̀rọ̀ kan la ní fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ náà ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Nínú àpilẹ̀kọ yìí, a fẹ́ tú agbọ̀n náà sílẹ̀. A ó wo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lẹ́nu oníṣẹ́ ọwọ́, a ó wò wọ́n ní ààfin, a ó wò wọ́n nínú ìwé, kí a tó wá bèèrè èyí tó jẹ́ ti Ifá nínú wọn. Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ọ̀ràn gírámà lásán. Inú rẹ̀ la ó ti mọ ibi tí okùn ti lè já ní tòótọ́, àti ibi tí a kàn ń bẹ̀rù lásán.

Agbọ̀n ọ̀rọ̀ wa

Èkíní ni àìyípadà. Ohun tí kò yí padà ni ohun tó rí lónìí bó ṣe rí lánàá.

Èkejì ni àìdáwọ́dúró. Ọwọ́ ló ni ọ̀rọ̀ yìí: ọwọ́ tí kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nǹkan lè máa lọ láìdáwọ́dúró kó sì máa yí padà bó ṣe ń lọ. Odò ń ṣàn tọ̀sán tòru, ṣùgbọ́n omi àná kọ́ ni omi òní.

Ẹ̀kẹta ni ìtẹ̀síwájú. Ẹsẹ̀ ló ni èyí. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tó ń tẹ̀ síwájú ń fi ibi tó wà tẹ́lẹ̀ sílẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí ọ̀rọ̀ kan náà fi ń túmọ̀ sí pé a ń bá nǹkan lọ, tó tún ń túmọ̀ sí pé nǹkan ń dára sí i.

Ẹ̀kẹrin ni àrọ́pò, pẹ̀lú àwọn ìbátan rẹ̀, àrólé àti adelé. A mú nǹkan kúrò, a fi òmíràn sí ipò rẹ̀. Àrólé ni ẹni tó dúró sí ilé lẹ́yìn tí onílé ti lọ. Adelé kò gba ilé. Ó ń bá ẹni tí ń bọ̀ ṣọ́ ọ ni. Ipò ni wọ́n ń wò nínú ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ohun tó wà lórí ipò náà.

Ẹ̀karùn-ún ni àtúndé. Ohun tó lọ, tí a ò rí mọ́, tó tún padà wá. Babátúndé àti Yétúndé ń jẹ́rìí sí i. Àlàfo wà láàrin ikú bàbá àgbà àti ìbí ọmọ, síbẹ̀ kò sẹ́ni tó ń sọ pé okùn ìdílé ti já nítorí àlàfo náà.

Ẹ̀kẹfà ni àtọwọ́dọ́wọ́. Ọwọ́ kan mú un, ó fi lé ọwọ́ kejì. Ohun tó ya èyí sọ́tọ̀ ni pé ọwọ́ méjèèjì gbọ́dọ̀ pàdé. Ẹni tó rí nǹkan he lójú ọ̀nà kò gbà á láti ọwọ́ ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà ní bí iná bá kú, a fi eérú bojú. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣé ẹ rí i pé òwe yìí fi iyàtọ̀ sáàrin oríṣi méjì? Eérú àti ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀, àwọn méjèèjì ló kù lẹ́yìn ohun tó kú. Ṣùgbọ́n eérú kì í dá iná. Ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ń so.

Lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ lọ sọ́dọ̀ ahunṣọ. Bó bá ń hun aṣọ òfì, òwú lè já ní ìgbà mélòó kan kí iṣẹ́ tó parí. Bó bá já, á so ó, á máa hun lọ. Aṣọ yẹn kì í di àkísà nítorí pé kókó wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá sọ pé aṣọ tí òwú rẹ̀ kò já rí nìkan lòun máa rà, ìhòòhò ló fẹ́ rìn.

Àgbẹ̀ ńkọ́? Lára iṣu ọdún tó kọjá ló ti ń gé èbù tó máa gbìn lọ́dún yìí. Iṣu tuntun kì í ṣe iṣu àná, torí èyí tí a gbìn ti rà nínú ilẹ̀. Síbẹ̀, bí ìyàn bá mú tí ìdílé kan jẹ èbù rẹ̀ tán, kò sí iye ilẹ̀ tàbí òjò tó lè dá irú iṣu yẹn padà fún wọn. Wọ́n ní láti lọ tọrọ èbù lóko ẹlòmíràn. Ẹ fi ọ̀rọ̀ èbù yìí sọ́kàn. A ó padà sí i.

Onílù ní tirẹ̀ pín iṣẹ́ náà sí méjì. Omele ń lu ohun kan náà lálùtúnlù, ìyáàlù sì ń sọ̀rọ̀, ó ń yí, ó ń kì, ó ń dákẹ́ nígbà mìíràn. Bí omele bá dákẹ́, ijó á dàrú. Bí ìyáàlù náà bá wá ń lu bí omele, ìlù kò ní sọ nǹkan kan. Àìyípadà àti ìyípadà jọ wà nínú orin kan, wọn kò sì bá ara wọn jà.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń ka ọjọ́. Bí òní bá jẹ́ ọ̀sẹ̀ Ifá, ọrún ni ọ̀sẹ̀ Ifá mìíràn. A ka òní mọ́ ọn, a sì ka ọjọ́ tó parí rẹ̀. Ìdí rèé tí àwọn àlejò kan fi kọ ọ́ pé ọ̀sẹ̀ Yorùbá jẹ́ ọjọ́ mẹ́rin, tí àwọn mìíràn sì kọ ọ́ pé ó jẹ́ ọjọ́ márùn-ún. Ọjọ́ tó parí ọ̀sẹ̀ kan náà ni a tún fi bẹ̀rẹ̀ èkejì. Bákan náà ni ìsán, bákan náà ni ìtàdógún tí àwọn awo fi ń pàdé. Nínú ìṣirò àwọn baba wa, ìparí àti ìbẹ̀rẹ̀ di ọwọ́ ara wọn mú.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò òde òní ní ìlànà tiwọn. Wọ́n ní ìlà tí a lè fà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìgbé gègé kúrò lórí ìwé ni ìlà tí kò já. Wọ́n sì ya irú ìlà bẹ́ẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí a ń kà lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ikin. Bí a bá fi ojú èyí wo Ifá, àwa awo mọ̀ pé kò sí ìdajì láàrin àmì kan àti àmì méjì. Ikin kan kù lọ́wọ́, a tẹ méjì. Ikin méjì kù, a tẹ ẹyọ kan. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹjọ, odù kan yọ nínú 256. Lẹ́yìn àmì kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ń gbéra kúrò lójú ọpọ́n. Ifá fúnra rẹ̀ kò wá bí ìlà tí a kò gbé ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Ní ààfin

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́ ọwọ́ lè dà bí eré. Ṣùgbọ́n ní ààfin, àṣìṣe lórí ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ti pa ènìyàn.

Ní nǹkan bí ọdún 1835 sí 1837, Ọ̀yọ́-Ilé tú. Àtìbà di Aláàfin, ó sì tẹ ìtẹ́ rẹ̀ dó sí Àgọ́-Ọjà, tó di Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí. Ìlú yí padà, ilẹ̀ yí padà, ará ilé púpọ̀ ti fọ́n ká. Síbẹ̀ oyè Aláàfin ń lọ, torí ìdílé kan náà ló ń jẹ ẹ́. Nípa àrólé ni Ọ̀yọ́ fi wà, kì í ṣe nípa àìyípadà.

Àṣà kan wà nígbà náà pé bí Aláàfin bá wàjà, Àrẹ̀mọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá a lọ. Àtìbà pa àṣà yìí tì kí Adélù, Àrẹ̀mọ rẹ̀, lè jọba lẹ́yìn òun. Nígbà tí Àtìbà wàjà ní 1859, Adélù gorí ìtẹ́. Ìbàdàn gbà á. Kúrunmí, Ààrẹ-Ọ̀nà-Kakaǹfò tó wà ní Ìjàyè, kọ̀ jálẹ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tí wọ́n ṣe ti ba ìṣẹ̀dálẹ̀ jẹ́, kò sì lè tẹrí ba fún ọba tí kò yẹ kó wà láàyè. Láti ibẹ̀ àti láti inú ìjà agbára tó wà láàrin Ìjàyè àti Ìbàdàn ni ogun Ìjàyè ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1860. Kúrunmí kú ní 1861. Ìjàyè tú ní 1862.

A kò fẹ́ fi Kúrunmí ṣe ẹlẹ́yà. Ọ̀pọ̀ nínú wa, bí a bá wà níbẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ la bá wà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ohun tí Samuel Johnson kọ sínú ìwé ìtàn rẹ̀. Ó ní ní ìgbà láéláé, Àrẹ̀mọ ni í jọba lẹ́yìn bàbá rẹ̀. Nítorí kí Àrẹ̀mọ má baà máa kánjú ikú bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi wá ṣòfin pé kó bá a kú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí Kúrunmí ń jà fún bí àìyípadà, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ ìyípadà tó ti pẹ́. Ó ń pe ohun tí òun bá láyé ní ìwáṣẹ̀. Ta ni nínú wa tí kì í ṣe irú rẹ̀?

Ẹ tún wo Ilé-Ifẹ̀, orírun gbogbo wa. Nínú ogun Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́, ìlú náà tú ní 1849, àwọn ènìyàn sì sá lọ, títí di 1854 tí wọ́n padà. Ó tún tú ní 1882, ó sì di 1894 kí wọ́n tó padà. Ní àkókò kejì yìí, Dérìn, tí wọ́n yàn sí ipò Ọ̀ọ̀ni, wà ní Òkè-Igbó títí tó fi kú. Ní 1894 ni Adélékàn Olúbùṣe jọba, tí ìlú sì tún kún padà. Bí a bá sọ pé àìdáwọ́dúró ni Ifẹ̀ fi jẹ́ Ifẹ̀, kí la fẹ́ ṣe sí ọdún wọ̀nyí? Àbí ká fi wọ́n pamọ́ ni? A ò ní láti fi wọ́n pamọ́. Oyè kò ṣófo bí ilẹ̀ ṣe ṣófo. Àwọn tó padà sì mọ ibi tí ojúbọ wọn wà, torí àwọn tó jáde lọ mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fi han àwọn ọmọ wọn. Àtúndé ni ti ìlú. Àrọ́pò ni ti oyè. Àtọwọ́dọ́wọ́ ni ti ìmọ̀.

Nínú ìwé

Àwọn olùwádìí máa ń gbà pé ìwé ló dára jù láti pa nǹkan mọ́. Àwa náà fẹ́ràn ìwé, ṣebí ìwé lẹ kà dé ibí yìí. Ṣùgbọ́n ìwé náà ní ìtàn àjálù tirẹ̀.

Johnson tí a dárúkọ lókè parí ìwé rẹ̀ ní 1897. Ó fi í ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó láti tẹ̀, ìwé náà sì sọnù. Johnson kú ní 1901 láì fojú rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, ló jókòó ti àwọn àkọsílẹ̀ tó kù, tó tún un kọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó tún fi í ránṣẹ́ ní 1916, ọkọ̀ òkun tó gbé e sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Jámánì nínú ogun àgbáyé kìíní. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ó dé ọ̀dọ̀ òǹtẹ̀wé. Ní 1921 ni ìwé náà jáde; Obadiah ti kú ní 1920. Ìwé tí gbogbo wa ń tọ́ka sí bí òpó ìtàn Yorùbá, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n àti ọwọ́ àbúrò ló gbà á là. Bí ó bá ṣe pé bébà nìkan la gbẹ́kẹ̀ lé ni, eérú ni à bá bá níbẹ̀.

Ní ti Ifá nínú ìwé, E. M. Lijadu, tó jẹ́ oníwàásù Kírísítẹ́nì, tẹ ìwé kan jáde lórí Ifá ní 1898, ó sì tẹ òmíràn ní 1908. Kì í ṣe láti tẹ̀ ẹ̀nìyàn nífá ló ṣe kọ wọ́n, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ẹsẹ ló wà níbẹ̀ tó wúlò fún wa lónìí. Ní 1968 àti 1969 ni Wande Abimbola tẹ apá méjèèjì Ìjìnlẹ̀ Ohùn Ẹnu Ifá jáde. Ní 1969 kan náà ni William Bascom tẹ ìwé ńlá rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà. Gbogbo wọn, ẹnu awo ni wọ́n ti gbọ́ ohun tí wọ́n kọ. Ìwé di àká. Àká dára púpọ̀, ṣùgbọ́n àká kọ́ ni oko.

Lójú ọpọ́n

A ti dé ọ̀dọ̀ Ifá wàyí. Kí ni Ifá fi ń bá a lọ?

Àìyípadà ni bí? Nílé níbí gan-an, ìtò àwọn ojú odù kò rí bákan náà níbi gbogbo. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Yorùbá, Ìrosùn àti Ọ̀wọ́nrín ló ń ṣáájú Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn. Ní Ilé-Ifẹ̀, Bascom kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ọ̀bàrà àti Ọ̀kànràn ló ń ṣáájú. Ẹ̀gbọ́n níbì kan ni àbúrò níbòmíràn. Síbẹ̀, kò sí awo Ifẹ̀ tó máa bá awo Ọ̀yọ́ pàdé tó máa sọ pé, "Ìwọ kì í ṣe awo." Mẹ́rìndínlógún ni ojú odù lọ́dọ̀ àwọn méjèèjì, ikin kan náà ni wọ́n ń kó lọ́wọ́.

Bí a bá kọjá lọ sí apá ìwọ̀-oòrùn, a ó rí Fá lọ́dọ̀ àwọn Fọn ní Benin, a ó sì rí Afá lọ́dọ̀ àwọn Ewe ní Togo. Ogbè di Gbe, Ọ̀yẹ̀kú di Yeku, Òdí di Di. Èdè yí padà, orin yí padà, àmì ojú ọpọ́n kò yí padà. Nígbà tí Bernard Maupoil, òyìnbó ará Faransé, ń wádìí Fá ní àwọn ọdún 1930 fún ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1943, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́ ọ ni Gèdègbé, tó ti jẹ́ awo fún Ọba Béhanzin. Àwọn Faransé ti gba ìlú lọ́wọ́ Béhanzin ní 1894. Ìjọba dáwọ́ dúró; ọwọ́ Gèdègbé kò dáwọ́ dúró.

Ní Cuba, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ilé Ifá máa ń pè bí wọ́n bá ń ka àwọn aṣáájú wọn ni Adéṣínà, tí wọ́n fún ní orúkọ Remigio Herrera. Ẹrú ni wọ́n mú un débẹ̀. Ó gbé ní Regla, létí ìlú Havana, ó sì kú ní 1905. Lóde òní, bí awo Cuba bá ń júbà, ó gbọ́dọ̀ ka orúkọ àwọn òkú ilé rẹ̀, láti orí àwọn àgbà títí dé orí ẹni tó tẹ̀ ẹ́. Ohùn wọn lè ṣàjèjì sí wa. Wọ́n ń pe Ọ̀wọ́nrín ní Ojuani, wọ́n ń pe Òtúrúpọ̀n ní Otrupon. Ṣùgbọ́n wọ́n ní igbódù, wọ́n ní ojúgbọ̀nà, wọ́n ní ìta. Ẹ wo bó ṣe jẹ́ pé ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jù, "Ọwọ́ ta lo ti gbà á?", ni wọ́n fi sí iwájú gbogbo ètùtù wọn.

Brazil fi apá kejì hàn wá. Martiniano Eliseu do Bonfim, ọmọ àwọn tó ti ṣe ẹrú, ni wọ́n bí ní Bahia ní 1859. Ní 1875 bàbá rẹ̀ mú un wá sí Èkó, ó sì lò tó ọdún mọ́kànlá níbẹ̀ kó tó padà. Ó di babaláwo tí gbogbo Bahia ń bọ̀wọ̀ fún. Ní àwọn ọdún 1930, òun àti Ìyá Aninha, olórí Ilé Àṣẹ Òpó Àfọ̀njá, ṣètò oyè Ọba Ṣàngó méjìlá síbẹ̀: ohun tuntun, tí wọ́n fi ìrántí ilé kọ́. Nígbà tó kú ní 1943, ìlà àwọn babaláwo àtijọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán ní Bahia. Ẹẹ́rìndínlógún, tó wà lọ́wọ́ àwọn ìyálórìṣà, kò dáwọ́ dúró. Òrìṣà ń gùn, ìlù ń dún, àwọn odù ń sọ̀rọ̀ nínú owó ẹyọ. Ṣùgbọ́n ikin ń wá ọwọ́. Láti àwọn ọdún 1970 ni àwọn ọmọ Nàìjíríà, lẹ́yìn wọn àwọn awo Cuba, ti tún ń mú Ifá ikin wọ ibẹ̀. Èyí ni èbù tí a lọ tọrọ lóko ẹlòmíràn. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ṣùgbọ́n ó yẹ ká pè é ní orúkọ rẹ̀, àtúndé, ká má pè é ní àìdáwọ́dúró.

Ṣé ọwọ́ kì í gbé àṣìṣe dé ọwọ́ ni? Ó ń gbé e. Ẹnì kan lè kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣì gbọ́. Àwọn baba wa mọ èyí, wọ́n sì fi ìyẹ̀rẹ̀ ṣe ìdènà rẹ̀. Bí awo bá ń sun ìyẹ̀rẹ̀ láwùjọ, àwọn awo tó kù ń gbè é pẹ̀lú "hin-ìn" bó bá wí i re. Bó bá ṣì í, wọ́n á dá a dúró, wọ́n á tún un ṣe. Ẹ wo nǹkan! Dídá ènìyàn dúró ló ń jẹ́ kí ẹsẹ máa lọ. Ẹni tó bá ń dá kọ́ Ifá nínú yàrá, tí kò sẹ́ni tó máa sọ pé "ó tì" fún un, òun ló wà nínú ewu jù, ì báà jẹ́ pé ìwé ọgọ́rùn-ún ló wà níwájú rẹ̀.

Ibi tí okùn ti lè já

Ẹ jẹ́ ká padà sí àríyànjiyàn tí a fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí awo sọ pé Ifá kò yí padà, ó yẹ kó sọ ohun tó ní lọ́kàn gan-an: pé odù ṣì jẹ́ 256, pé ọwọ́ ni a fi ń gbà á, pé ẹbọ ṣì ń rú. Nígbà tí olùwádìí sọ pé ó yí padà, kó sọ èyí tó yí: ìtò, ohùn, ìlú, aṣọ. Bí wọ́n bá ṣe èyí, wọ́n á rí i pé ìjà kò sí.

Ìparí èrò wa ni pé Ifá kò fi àìyípadà ṣe ìpìlẹ̀, kò sì fi àìdáwọ́dúró ṣe ìpìlẹ̀. Àtọwọ́dọ́wọ́ ni ìpìlẹ̀ rẹ̀. Akápò lè kú, àpò yóò wà. Ṣùgbọ́n àpò tí kò rí akápò mìíràn di ẹrù orí àjà. Nítorí náà, ogun kọ́ ló lè já okùn yìí. Òkun kọ́, oníwàásù kọ́. Ọjọ́ tí àgbà awo kan kú láìní ọmọ awo tó jókòó tì í, ọjọ́ náà ni nǹkan já, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlú wà ní àlàáfíà, tí òòrùn sì ń ràn.

Ní ọdún 2005, UNESCO kéde Ifá pé ó wà lára àwọn iṣẹ́ àtàtà tí ọmọ ènìyàn fi ẹnu gbé wá láti ìran dé ìran. Ní 2008 wọ́n fi í sínú ìwé àkójọ àgbáyé. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwé àkójọ ò tẹ ẹnikẹ́ni nífá. Gbogbo wa náà sì mọ ìdílé tí Fá wà níbẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ti fi Olú tàbí Jésù rọ́pò rẹ̀. Orúkọ tí a pààrọ̀ ṣì ṣeé dá padà, níwọ̀n ìgbà tí bàbá àgbà kan bá ṣì wà tó rántí ohun tí Ifá ìdílé náà wí. Bí bàbá yẹn bá lọ láì sọ ọ́, a ò ní rí ẹni bi.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Kí ilé Ifá kọ̀ọ̀kan kọ ìlà ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀: ta ló tẹ̀ ọ́, ta ni ojúgbọ̀nà rẹ, ta ló tẹ ẹni tó tẹ̀ ọ́, níbo ni, ọdún wo ni bí ẹ bá mọ̀ ọ́n. Bí kókó bá wà nínú òwú, ẹ má ṣe gé e dànù, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé: níbí ló ti já, ibí la ti so ó, lágbájá ló bá wa so ó. Kí àwọn olùwádìí náà, bí wọ́n bá gba ẹsẹ sílẹ̀, kọ orúkọ ẹni tí awo náà ti kọ́ ọ mọ́ ọn, bí awo bá fún wọn láyè. Jù gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹ̀yin àgbà má retí ọmọ tó mọ̀ ọ́n tán kí ẹ tó pè é mọ́ra. Bí ọ̀sẹ̀ Ifá bá tún kò ní ọrún òní, ẹ jẹ́ kí ọmọdé kan wà níbẹ̀ tó ń wo bí ọwọ́ ṣe ń gbéra lójú ọpọ́n.

Ọ̀rúnmìlà á gbè wá o. Kí ọwọ́ má ṣe aláì rí ọwọ́ gbà á. Àṣẹ.